Ọkọ Mi Tó Ń Lé Ẹ̀gà

Olówó orí mi, ọmọ Àwórì, ọmọ Ìganmọdẹ, ọmọ agorí-pẹpẹ-pàṣẹ-fẹ́yẹ, a-pariwo-kí-ìrẹsì-ó-gbó, baba àwọn ọmọ mi, ẹni tí ìyẹ́ ń gbọ̀n fún. Bí mo ṣe ń kí i láràárọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ yìí náà mo kí i tán kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ nílé tiwa. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, mo mọ orúkọ àwọn tó bí wọn, ṣùgbọ́n bí n ò bá ní kọ tirẹ̀, n ò ní kọ ti ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ bá mi fara dà á. Inú opó ni mo wà, n ò gbọdọ̀ jáde. Mo ń kọ díẹ̀, mo ń dìde, mo ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ń padà.

Ìrẹsì ni bàbá ọkọ mi ń gbìn lẹ́yìn Ìjù nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé wọn. Bí ìrẹsì bá ti ń yọ orí, ọkọ mi ni yóò gun pẹpẹ onígi tó wà láàrin oko, tí yóò máa lé ẹyẹ láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹ̀gà ló pọ̀ jù, àwọn ẹyẹ olórí dúdú, aláyà bí ìyeyè, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Kànnàkànnà tí wọ́n fi ń ju òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ohùn ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Olóko kọ̀ọ̀kan ló ní igbe tirẹ̀. Ti ọkọ mi a bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń kérora, a gòkè lójijì, gbogbo ẹyẹ a sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọn aṣọ.

Ibo ni wọ́n ń lọ? Oko aládùúgbò ni. Aládùúgbò a ké tirẹ̀, wọ́n a tún padà sọ́dọ̀ wa. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ẹyẹ ránṣẹ́ síra wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo gbé oúnjẹ lọ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí aládùúgbò ń pariwo látorí pẹpẹ tirẹ̀:

"Ọkọ ìyàwó, ìyàwó ti dé, o ò rí ẹyẹ mọ́. Wá kó àwọn ẹrú rẹ kúrò lóko mi."

"Àlejò yín ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìrẹsì tiyín ló dùn."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ dànù lórí mi.

Ìdílé ta ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra oko ní agbègbè wa. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìsìn, lẹ́yìn rẹ̀ ni yunifásítì dé. Oko aládùúgbò di ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Katapílà wó igbó tó ṣẹ́kù, àparò lọ, lékeléke dín kù, ẹ̀gà ò sí mọ́. Ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọkọ mi ò rí nǹkan lé. Yóò jí, yóò wọ bàtà, yóò rìn dé Toll Gate Ṣàngó, yóò padà, kò ní tíì jókòó tí yóò tún gba ọ̀nà Ilo-Awela lọ.

"Kí lẹ ń wá kiri, Baba wọn?"

"N ò wá nǹkan kan."

Oúnjẹ rẹ̀ a tutù, n ó tún gbé e kaná. Ọdún bíi mélòó kan ló fi rìn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú.

Ẹ̀gà ló gbà á sílẹ̀. Yunifásítì gbin ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀pẹ yẹn ga, tí kò sì sí igi mìíràn nítòsí, ẹ̀gà rọ́ dé láti ibi tí n ò mọ̀. Wọ́n ya imọ̀ ọ̀pẹ sí fọ́nrán, wọ́n fi hun ìtẹ́ títí tó fi dà bíi pé igi ń so ahá. Ariwo wọn ń bo ohùn oníwàásù, ìgbẹ́ wọn ń já sórí jíìpù àwọn àlejò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Ọ̀ṣun, tó ń bójú tó ọgbà wọn, béèrè kiri ẹni tó lè lé ẹyẹ. Wọ́n júwe ilé wa fún un. Ìmàle ni wá, kò béèrè, a ò sì sọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló ti ń sùn bí ọmọdé.

Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọsibítù ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń múra ìpàdé ńlá sílẹ̀ nínú ọgbà. Alábòójútó yẹn wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Bàbá, àwọn ọ̀gá ní bí ẹyẹ ò bá dín kù kó tó di ọjọ́ ìpàdé, àwọn á gé gbogbo imọ̀ yẹn dànù. Tí wọ́n bá gé e, iṣẹ́ yín náà ti tán nìyẹn."

Bó ṣe jáde, ọkọ mi fẹ́ dìde, ó ṣubú padà sórí ẹní. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá wọn, ibo ni n ó máa lọ?"

Ohun tó ń sọ yé mi. Bí ẹsẹ̀ bá san tí kò sí ibi tó ń lọ, ìrìn kiri yẹn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Èmi á máa bá yín lé wọn títí ẹ ó fi padà."

Mo kó òkúta sínú agolo mílíìkì, mo ń mì í lábẹ́ ọ̀pẹ. Ẹ̀gà ń wò mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá.

"Grandma, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń jó sí ìlù yín."

"Ẹ lọ kàwé yín, ẹ̀yin ọmọ yìí."

Mo gbìyànjú igbe rẹ̀, ikọ́ gbé mi. Bí mo bá délé, yóò ti máa dúró dè mí.

"Ṣé wọ́n lọ?"

"Wọn ò lọ."

"Báwo lo ṣe ké? Ké e kí n gbọ́."

Mo ké e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ò ń kí wọn káàárọ̀ ni. Ta ní í sá fún ẹni tó ń kí i?"

N ò jókòó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ, mo dé ìdí ààrò, mo dé ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, mo tún jáde. Bí mo bá rí díẹ̀ lé, wọ́n á fò yí òrùlé gbọ̀ngàn ká, wọ́n á tún bà. Kò sí oko aládùúgbò tí a ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mọ́.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, ọkọ mi ní kí n pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Èmi àti dẹ́rẹ́bà gbé e wọ inú rẹ̀. A bá alábòójútó lábẹ́ ọ̀pẹ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé àkàbà àti àdá. Ọkọ mi di irin kẹ̀kẹ́ mú, ó mí, ó ké. Ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè. Gbogbo ẹ̀gà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji wọn kọjá lórí títì ọlọ́dà, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́. Ọkùnrin alákàbà gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi padà bà. Òmíràn tẹ̀lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ alábòójútó.

"Ìyá, mo rí i. Wọ́n lọ."

"Àmọ́ wọ́n ti ń..."

"Wọ́n lọ, Ìyá. N ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé Bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, a ó gbé ohùn ẹ̀rọ sókè sí i." Ó yíjú sí alákàbà. "Gbé nǹkan yẹn lọ."

Ọkọ mi ní, "Ẹsẹ̀ yìí á san, ọmọ mi."

"Àmín, Bàbá."

Bí a ṣe ń lọ sílé, kò lè mú ọwọ́ dúró, ó ń fi lu irin kẹ̀kẹ́. Ó ní kí n fọ ẹ̀wù iṣẹ́ òun. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a.

Ẹsẹ̀ náà ò san. Ibà wọ̀ ọ́, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ kan ló kú. Alábòójútó wá, ó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì pé kí n lọ sí ọ̀nà yunifásítì, àbúrò mi mú mi jókòó. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a sin ín, lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjù. Ẹnikẹ́ni ò lé ẹ̀gà lọ́jọ́ náà.