Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Kọ Sára Pátákó

Ọjọ́ tí wọ́n gba kíláàsì mi lọ́wọ́ mi, okùn tí mo rà ní ọjà Ouando ṣì wà lórí tábìlì olùkọ́. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ Tẹminàlì, kíláàsì àṣekágbá, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò bákì, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń da ADN rẹ̀, okùn àbùdá tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní DNA, kọ kó tó pín sí méjì.

"Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni ADN wà," mo wí fún wọn. "Ẹ wo okùn yìí: fọ́nrán méjì tí a lọ́ pọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, okùn á tú. Ó gùn púpọ̀, nítorí náà kì í tú láti etí kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti ń tú lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ lè yá. Wọn á wá hun fọ́nrán tuntun mọ́ ara àtijọ́ kọ̀ọ̀kan. Okùn á di méjì, ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àtijọ́, ìdajì jẹ́ tuntun."

Ṣìfáù, ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé jù nínú wọn, nawọ́. "Màdáàmù, tuntun pátápátá kò wá sí?"

"Kò sí." Mo kọ orúkọ irú àdàkọ yìí ní Faransé sára pátákó: sẹmi-kọnsẹfatíìfù, èyí tó pa ìdajì àtijọ́ mọ́.

Àṣìṣe mi nìyẹn, bí wọ́n bá ń pe òótọ́ ní àṣìṣe. Àwọn ológun ti gbàjọba, wọ́n ti kéde refolúsíọ̀n, pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ di tuntun. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń na ìkúùkù sókè nínú ọgbà lísè, ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà náà, ó sàn kí wọ́n pè ọ́ ní olè ju kí wọ́n pè ọ́ ní kọnsẹfatíìfù, ẹni tó di ayé àtijọ́ mú, lọ.

Alága ìgbìmọ̀ refolúsíọ̀n ilé ẹ̀kọ́ tó pè mí wá jẹ́jọ́ kò dàgbà ju àbúrò mi ìkẹyìn lọ, ṣùgbọ́n kamaràdì ni gbogbo wa ń pe ara wa, kamaràdì kò sì mọ àgbà.

"Kamaràdì, ṣé ìwọ lo kọ sẹmi-kọnsẹfatíìfù sára pátákó?"

"Èmi ni. ADN ni mò ń sọ, kì í ṣe ìjọba."

"Ẹ gbọ́! Ìdajì rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí wọn. Wọn kò mọ̀. Lásísì, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó jókòó láàrin wọn, ló mọ̀. Biyolojì lòun náà ń kọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

"Mọ́síò Lásísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún wọn."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ẹ̀yin kamaràdì, ní tèmi o, àdàkọ ti refolúsíọ̀n ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ."

Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n gbé kíláàsì mi fún un, wọ́n sì ní kí n lọ máa bójú tó oko àgbàdo ilé ẹ̀kọ́ ní Avrankou. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọkọ́ kọ́ ìmọ̀ ohun alààyè.

Lọ́dún yẹn, wọ́n béèrè orúkọ irú àdàkọ yìí ní bákì. Àwọn tó máàkì ìwé ìdánwò kò gbọ́ àdàkọ ti refolúsíọ̀n rí. Àmì díẹ̀ ni Ṣìfáù fi kùnà, kò sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹnubodè Kraké ló ti lọ ń ta aṣọ.

Nígbà tí ayé yí padà, Lásísì náà yí padà. Ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ń sọ pé òun kò fẹ́ràn àwọn ológun rí. Nígbà tó kú, wọ́n wá kéde fún mi. Mo ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ṣìfáù mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sílé mi. Tẹminàlì ni ọmọ náà wà. Mo mú okùn, mo tú u, mo fẹ́ sọ orúkọ náà fún un.

Ṣìfáù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, ti pe ọ̀rọ̀ náà kí n tó pè é tán.

"O ṣì mọ̀ ọ́n?" ni mo bi í.

"Mo ti kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, Màdáàmù," ó ní. "Mo wá pa á rẹ́, mo kọ ti Mọ́síò Lásísì."