Ìkòkò Ọ̀tọ̀ ní Agboolé Gàmbàrí

Ọbẹ̀ kan kì í sọ̀ kalẹ̀ ní agboolé àwọn Alfa Abdulmumini ní àdúgbò Gàmbàrí kí wọ́n má pe Hajarat kó wá tọ́ ọ wò. Ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n iyọ̀. Bí ó bá kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó lá a, tí ó ní, "Ó kù díẹ̀," ó kù díẹ̀ náà nìyẹn. Bí ó bá ní, "Ẹ sọ̀ ọ́," kò sẹ́ni tí í tún fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́.

Ìyàwó Alfa ni. Alfa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú, Hajarat sì ń ta híjáàbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Post Office. Hadiza, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Alfa, ni ìyálé gbogbo wọn. Inú ìkòkò Hadiza ni oúnjẹ alẹ́ gbogbo ilé ti ń jáde, inú àwo ńlá kan náà sì ni àwọn obìnrin ilé ti ń bu òkèlè, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ọwọ́ ń kan ọwọ́.

Ẹ̀wà ni inú Hajarat kọ́kọ́ kọ̀. Gbogbo ènìyàn ní afẹ́fẹ́ lásán ni. Nígbà tó ṣe, ó kọ wàrà, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, tí Hajarat ti ń jẹ láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ata. Bí ó bá ti jẹun tán, inú rẹ̀ á wú bí inú aboyún, á máa kùn, á máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Kó tó sáré dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òógùn á ti bò ó. Ó ń rù. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó mu àgbo. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ó lo oògùn ọgbẹ́ inú títí ó fi sú u. Alfa kọ áyà Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó bu omi rẹ̀ fún un mu. Inú ṣì ń lọ́.

Dókítà tó wá rí òkodoro ọ̀rọ̀ náà jẹ́ obìnrin ọmọ Ọ̀mù-Àrán kan tó ń jẹ́ Ìtùnú. Lẹ́yìn tí gbogbo àyẹ̀wò jáde, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀, mà. Kò sì sí kókó. Ìfun yín ló ti di ẹlẹgẹ́. Kì í pani, ṣùgbọ́n a ò ní oògùn tó lè wò ó pátápátá. Ohun tó bá ti ń bí i nínú, ẹ máa yẹra fún un."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, mà."

Hajarat kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Nígbà tó délé, ó ṣí ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ fún un jáde. Ata gbígbẹ, ẹ̀wà olóyin, àlùbọ́sà, búrẹ́dì, títí kan mágí, nítorí dókítà ní wọ́n ń lọ àlùbọ́sà mọ́ ọn. Ó pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé. Igbá irú nìkan ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e, ó tún ṣí i, kó tó gbé e jáde.

Lẹ́yìn náà ló lọ sọ́jà. Ìrẹsì, pòtétò, kárọ́ọ̀tì, atalẹ̀, ẹyin, ẹja tútù. Ó ra ewé àlùbọ́sà, nítorí wọ́n ní ibi tó tutù yọ̀yọ̀ lókè kò ní bá a jà, kó ṣáà ti gé ìdí funfun rẹ̀ dànù. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Challenge, ó rí mílíìkì tí wọ́n ti yọ ohun tó ń da inú rú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e, ó wo iye tí wọ́n kọ sí i lára, ó dá a padà sórí pẹpẹ. Ó ra ìkòkò tuntun, ọ̀bẹ tuntun, ọmọrí tuntun àti ọlọ tuntun. Ọlọ àtijọ́, bí o fọ̀ ọ́ láàárọ̀ tó o fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ti mu ata yó.

Ó se ìrẹsì, ó fi ẹja, kárọ́ọ̀tì àti atalẹ̀ díẹ̀ se ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìrora. Ìrora kò wá. Nígbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe omi ayọ̀. Ó ti ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí dókítà ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Hadiza kò pẹ́ dé.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o ti ra ìkòkò tìrẹ."

"Ìyá Abdulqudus, dókítà ló ní—"

"Ìkòkò mi ni dókítà ní kó o má jẹ mọ́?"

"Ata ni, mà. Àlùbọ́sà. Ẹ̀wà."

"Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, ọmọ kéú ni ọkọ rẹ. Oúnjẹ ọwọ́ mi yìí ló ń jẹ. Inú kò run ún rí."

Nínú agboolé, ẹni tó bá ya ìkòkò sọ́tọ̀ ti sọ ẹni tí òun ń bẹ̀rù, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Bí Hajarat bá ti wọlé bá àwọn obìnrin báyìí, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ wọn. Alfa alára sọ fún un pé, "Mo mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ. Ṣùgbọ́n ṣé o ò lè jókòó tì wọ́n, kó o máa bu díẹ̀díẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ náà ló ń pa mí, Alfa."

Nígbà tó yá, ìyàwó Abdulqudus bímọ, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Hadiza ní. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún, àwọn àlejò kún ojúde. Hadiza fúnra rẹ̀ gbé àwo tùwó wá, gbẹ̀gìrì lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ata lórí gbẹ̀gìrì. Ó dúró níwájú Hajarat lójú gbogbo ènìyàn, ó na àwo náà sí i.

Hajarat gba àwo náà. Ó wẹ ọwọ́, ó ní "Bísímílà," ó jẹ ẹ́ tán.

Hadiza dì mọ́ ọn. "Mo mọ̀ pé o ò ní dójú tì mí," ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Àwọn obìnrin sún fún un lórí ẹní. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ rí.

Wọn ò tíì kí ìrun Àsárì tí Hajarat fi ṣubú lágbàlá, tó ká jọ bí ẹni iná jó. Ojú àwọn àlejò ni wọ́n ṣe gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára.

Hadiza wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó.

"Gbogbo Gàmbàrí ló ń sọ ọ́ pé ẹnì kan jẹ oúnjẹ mi, ó ṣubú lulẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Nítorí yín ni mo ṣe jẹ ẹ́."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Omi ti dé ojú ìyálé. "Ìgbà tó o kọ̀ ọ́, àwa ará ilé nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó o wá jẹ ẹ́, ìwọ náà wo ohun tó o fi mí ṣe."

Ó yí padà, ó lọ. Hajarat ronú títí, kò rí ibi tí ìyálé ti jẹ̀bi, kò sì rí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi.

Ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò báyìí. Àwọn oníbàárà ní Post Office ń kí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún. "Alhamdulilai," á ní. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, tí àwo ìṣínu ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, kò sí èyí tó yà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja, ó bu èyí tó dára jù níbẹ̀, ó gbé e lọ fún Hadiza. Hadiza fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dá àwo náà padà. Wọn ò ṣí i.

"Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?" Alfa béèrè.

"Wọ́n dúpẹ́," Hajarat dáhùn.

Alfa mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó jáde lọ bá àwọn ọmọ kéú.