Ẹnu Ọmọ Mi àti Táyà Tírélà

Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni mo ń ta ìdì okùn tín-ín-rín ní Coconut, lọ́nà Àpápá, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni èyí tó nípọn. Àwọn awakọ̀ tírélà ló ń rà á láti fi di ẹrù mọ́ ọkọ̀. N ò tíì rí awakọ̀ tó gbà pé ẹrù òun wúwo. Gbogbo wọn ni, "Màmá, ẹ fún mi ní tín-ín-rín, ẹrù fúyẹ́ ni." Èmi kì í bá wọn jiyàn. Táyà ni mo máa ń wò. Bí ẹrù bá ti tẹ táyà tó sì fà ro bí ojú ìyàálé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú orogún bá, mo máa ní kó ra èyí tó nípọn tàbí kó máa lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta okùn, n ò sì gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́.

Àfi ẹnu ọmọ mi. Òun náà, kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ tó ń pa.

Òun nìkan ni mo bí. Aṣọ ló ń rán, nínú yàrá kan tí a jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bó bá dé sí i, egungun á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú láti inú. Láti kékeré ni mo ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá béèrè ara rẹ̀, kó sọ pé a dúpẹ́. Ilé tí a ń gbé, yàrá méjìlá ló dojú kọra. Bí o bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, wọ́n á ti máa jíròrò ìsìnkú rẹ ní yàrá kẹjọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀wẹ̀, pásítọ̀ ní ohun tí a bá fẹnu jẹ́wọ́ ló ń bá wa. Obìnrin ni, èmi náà sì ń wo iwájú pé ọkọ ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, n ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní aláìsàn. Nítorí náà, bí ọmọ yìí bá tilẹ̀ rọ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa, bí ẹ bá kí i, "A dúpẹ́ mà, ara le" lẹ máa gbọ́.

A ní ẹgbẹ́ kan, àwọn tó ní àrùn yìí àti àwa òbí wọn. Akọ̀wé ni alága wa tẹ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Òun fúnra rẹ̀ ní àrùn náà. Wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò ní lo ogún ọdún láyé. Ó ti lé láàádọ́ta báyìí, gbogbo àwọn tó sọ ọ́ ti kú.

Dókítà obìnrin kan wá bá wa. Mo lè bí i, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí oògùn kan tó lè dín ìrora kù. Àwọn kan á jẹ oògùn gidi, àwọn kan á jẹ hóró tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èyí tí òun ń jẹ títí ìwádìí á fi parí. Ó ní àwọn ò fẹ́ ká kàn wá na apá fún abẹ́rẹ́, pé kí méjì nínú wa wá jókòó sídìí tábìlì bí alájọṣe, ká máa bá àwọn pinnu bí nǹkan ṣe máa lọ. Ẹgbẹ́ yan alága, wọ́n yan èmi. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Mo rò pé òdòdó orí tábìlì ni wọ́n fẹ́ fi wá ṣe.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé pé òun á bá wọn jẹ oògùn náà. Láràárọ̀, nọ́ọ̀sì á pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á sì máa dé etí mi.

"Ẹ káàárọ̀. Báwo ni ara? Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?"

"A dúpẹ́ mà, ara le. Ẹ kọ òdo."

Aṣọ gbígbóná á wà lórúnkún rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́. Mo ń gbọ́, inú mi sì ń dùn pé ọmọ mi gbẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà pe èmi àti alága sí ìpàdé. Ó kó fọ́ọ̀mù kalẹ̀ bí ẹni tó kó ọjà tí kò tà.

"Òdo ni gbogbo ẹ̀," ó ní. "N ò mọ ẹni tó ń jẹ oògùn, n ò mọ ẹni tó ń jẹ hóró lásán, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní ara le. Bí kò bá sí ìrora, kí ni oògùn fẹ́ dín kù? Àwọn tó ń náwó sí i ní bó bá ṣì rí báyìí, àwọn á pa ìwádìí náà tì."

Alága ní, "Dókítà, ẹ kí mi ná."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ara le." Ó wá fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún ọ̀hún wú bí àgbọn tí wọn ò tíì bó. "Ọjọ́ kẹrin rèé."

"Sà, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ kí mi ni. Ẹ ò bi mí."

Mo bá dá sí i. Mo ní, "Dókítà, awakọ̀ ò ní sọ bí ẹrù ẹ̀ ṣe wúwo tó fún yín láéláé. Táyà ni kí ẹ wò. Ẹ bi ọmọ mi bóyá ó wa máṣíìnì ìránṣọ lánàá. Ẹ bi í ta ló gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó sùn."

"Màmá, a ò kàn lè yí ìbéèrè padà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

"Ṣé ìgbìmọ̀ yẹn kì í kí ara wọn ni?"

Alága ní kí n rọra. N ò rọra. Mo ní kí wọ́n sọ fún wa, bó bá jẹ́ òdòdó ni wá, ká lọ sídìí ọjà wa. Dókítà fa bébà tuntun yọ. "Ẹ tún un sọ, Màmá. Ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀." Ọ̀sán pọ́n kí a tó dìde. Ìbéèrè méje la kó jọ. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, gbogbo òdo oṣù mẹ́ta sì dà nù. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pe ọmọ mi pẹ̀lú ìbéèrè tuntun, mo ti ń múra Coconut.

"Ṣé ẹ wa máṣíìnì lánàá?"

Ọmọ mi ń wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń wò mí bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ tọrọ àyè láti jáde.

"Kí lò ń wò mí fún? Ṣé èmi ni wọ́n pè?"

Mo bá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Sọ ọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Rárá mà," ó ní. "Mi ò wà á láti Ọjọ́bọ̀."

"Ta ló gbé omi ìwẹ̀ yín?"

"Ìyá tó wà ní yàrá kẹjọ. Òun ló máa ń bá mi gbé e bí màmá mi bá ti lọ sọ́jà."

"Ṣé ẹ sùn?"

"Mo ń jókòó ni. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń kérora, màmá mi á gbọ́."

Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn.

Nígbà tí mo jáde, ìyá yàrá kẹjọ ń gbálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Ara ọmọ ńkọ́?" A dúpẹ́ ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ó ń dùn ún."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó ń gbálẹ̀ lọ.

A ò tíì mọ èyí tí ọmọ mi ń jẹ, ṣé oògùn ni àbí hóró lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ sórí fọ́ọ̀mù báyìí, tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo lọ ìpàdé yẹn, awakọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún ìdì okùn méje, èyí tó nípọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo táyà ẹ̀. Ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ó rà á lọ́dọ̀ ẹni tó dojú kọ mí. Èrè ẹgbẹ̀rún méjì ló wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ gba ẹgbẹ̀rin ní àlọ àti àbọ̀. Mo ṣírò ohun tí mo pàdánù kí n tó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọmọ tí mo bí: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀rin náírà.