Nọ́ọ̀sì tí Wọ́n Rán sí Ara Rẹ̀

Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Sherifa Àdìgún kú ní Madina, àdúgbò wa níbí, ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Nọ́ọ̀sì ni, irú èyí tó máa ń gbé dírípù wá bá aláìsàn nílé. Omi ló gbẹ lára rẹ̀ tó fi kú. Omi! Ike dírípù mẹ́rin ló wà nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á síni lára nínú ilé náà àfi òun tó dùbúlẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò lè wọ ọkọ̀ trotro mọ́. Ọdún méjì ni Sherifa fi ń wá fa dírípù sí i lára nílé. Iṣan arúgbó máa ń sá fún abẹ́rẹ́. Níbòmíràn, wọ́n á gún ìyá mi níbi mẹ́rin, márùn-ún, títí ọwọ́ á fi wú. Sherifa kì í kánjú. Á ní kí n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, á rẹ aṣọ sínú rẹ̀, á fi wé ọwọ́ ìyá mi, á wá máa bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ń tajà ní ọjà Odawna. "Màmá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ ta léèsì ní ìlà yín?" Ìyá mi á ní òun ni. Irọ́ ni. Kó tó parí irọ́ náà, abẹ́rẹ́ ti wọlé.

Á so ike mọ́ irin fèrèsé, á jókòó tì í títí omi á fi tán, wákàtí mẹ́ta nígbà mìíràn. Ó ní òun ti rí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rí, tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú rọ́bà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. "Chale," bí a ṣe ń pe ọ̀rẹ́ níbí, "mi ò lè ṣe irú ẹ̀ fún ìyá ẹni," ló máa ń wí.

Ìtọ́jú Délé ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́. Mísbáù ló ni ín, ọmọ Yorùbá Madina bíi tiwa, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n bí òun àti Sherifa sí. Ẹ ti gbọ́ ìpolówó rẹ̀ lórí rédíò: nọ́ọ̀sì ń bẹ ní gbogbo àdúgbò, ẹ pè, a dé. Ohun tí kò sọ lórí rédíò ni pé fún gbogbo Madina, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ní. Òun náà ló ń lọ sílé àwọn èèyàn, òun ló ń lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òun ló tún ń lọ sí kíláníìkì kékeré tí kò ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ Mísbáù pé kó gba ẹlòmíràn sí i. Mísbáù ní kó mú sùúrù, iṣẹ́ àwọn méjèèjì náà ni.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ méjì kí Sherifa tó kú, ó wá sílé wa. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó lọ bì ní ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi fọ ẹnu, ó padà wọlé, ó wọ ìbọ̀wọ́. Mo ní, "Sherifa, ara rẹ ò yá, máa lọ sílé."

Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá lọ sílé, ta ló máa wá fa ti Màmá?"

Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo sì jẹ́ kó ṣe é. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ẹ má bò mí láṣìírí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ni mo jẹ́ kó tọ́jú ìyá mi, ìyá mi sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó fi di àárọ̀ Jímọ̀, ibà àti èébì ti mú un débi pé ó ń sọ ìsọkúsọ. Raqeebah, àbúrò rẹ̀, gbé e lọ sí kíláníìkì. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, kó gbé e padà sílé kó pe àwọn tó ń gbé dírípù wá. Ó pe Ìtọ́jú Délé, ó ṣáà rò pé wọ́n á rán nọ́ọ̀sì mìíràn wá. Wọ́n bi í ní orúkọ aláìsàn. Ọmọ náà ní, "Àǹtí mi ni. Àbẹ̀kẹ́." Nínú ilé wọn, kò sẹ́ni tó ń pe Sherifa ní Sherifa, oríkì ni wọ́n ń pè é láti kékeré, ti ìwé àti ti ibi iṣẹ́ ni Sherifa. Ta ló ń rántí orúkọ ìwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀?

Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Raqeebah. Mo ti fi ojú ara mi kà á: "Nọ́ọ̀sì yín ti ń bọ̀. Ẹ má gbé aláìsàn kúrò nílé." Wọn ò dárúkọ nọ́ọ̀sì kankan. Abena, aládùúgbò wọn, ní òun máa lọ pe táksí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Raqeebah ní rárá, wọ́n ní káwọn má gbé e, nọ́ọ̀sì ti wà lọ́nà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, fóònù Sherifa ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Raqeebah wò ó, ó rí i pé ibi iṣẹ́ ni, inú bí i. "Aaba! Ṣé èèyàn ò tiẹ̀ lè ṣàìsàn kí wọ́n jẹ́ kó sinmi ni?" Ó pa ohùn rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n pè.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Raqeebah ṣí fóònù yẹn láti fi tó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an wà níbẹ̀: aláìsàn kan ní Madina, Àbẹ̀kẹ́, ibà àti èébì, dírípù, kíákíá. Ilé àwọn fúnra wọn ni àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀. Sherifa ni wọ́n rán lọ tọ́jú Sherifa. Láti ọjọ́ náà ni Raqeebah ti ń sọ pé òun ló pa ohùn fóònù. Mo sọ ọ́ títí pé kò jẹ̀bi, kò gbọ́.

Ṣé ilé-iṣẹ́ wá kí ìyá olóògbé? Wọ́n wá o! Ní àárọ̀ Sátidé, ọlọ́kadà wọn dé, ó ní ẹ kú ọ̀fọ̀, wọ́n rán òun wá gbé báàgì. Ó yọ ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta níwájú ìyá náà, ó rí i pé wọ́n pé, ó kó wọn padà, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé dé. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní nọ́ọ̀sì Sherifa Àdìgún kọ̀ láti gbé ìpè nígbà mọ́kànlá, pé nítorí pé kò dé, aláìsàn kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ kú, àti pé àwọn máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó fún un níwèé àṣẹ iṣẹ́. Ẹ gbà mí! Wọ́n jẹ́ kó kú, wọ́n tún ní òun ló pa ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alájà Modúpẹ́, kò mọ̀wé. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ọmọ mi ló ṣẹ̀ ni, àbí ẹlòmíràn ni wọ́n ń wí?" Kí ni kí n sọ fún obìnrin yìí?

Mo lọ bá Mísbáù. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló ń pín iṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ tí wọ́n fún wa. A ò ní nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́."

Mísbáù! Ìwọ lo la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí Alájà Modúpẹ́ pọ̀n? Ìwọ tí ìwọ àti Sherifa jọ jẹ waakye nínú abọ́ kan? Lọ́jọ́ tí o ṣí ilé-iṣẹ́ yìí, gbogbo àwa Yorùbá Madina la kún ibẹ̀ tí a ṣàdúà fún ọ. O na ọwọ́ sí ọmọbìnrin kan tó wọ funfun, o ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi nìyí, nọ́ọ̀sì mi àkọ́kọ́." A pàtẹ́wọ́. Nígbà tí o nílò rẹ̀, o mọ Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó kú, o ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ẹ̀rọ ni. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ pé kó máa sọ pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ò tíì dáhùn? Ta ló jókòó tó pe Sherifa nígbà mọ́kànlá, tí kò pe Raqeebah lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, ẹ jọ̀ọ́, a ò rí nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn? Kíláníìkì yẹn ńkọ́? Níbẹ̀ gan-an ni Sherifa ti máa ń fa dírípù sí aláìsàn wọn lára, wọn ò wá rí ibi kan tẹ́ ẹ sí. Àwa náà ńkọ́, tí a ń pè é ní ọmọ wa, tí kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń tọ́jú ìwọ?

Ní Túsìdeè tó kọjá, ìyá mi tún nílò dírípù. Mo pe Ìtọ́jú Délé, mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ti fi sí Madina. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Nọ́ọ̀sì yín ti ń bọ̀." Mo wọ bàtà, mo yára lọ sílé Alájà Modúpẹ́. Fóònù Sherifa ń dún lórí tábìlì. Raqeebah kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kú, ó ní bóyá ẹnì kan níbi iṣẹ́ á pè láti bẹ̀bẹ̀. Alájà jókòó, ó ń wò ó.

Mísbáù, mi ò ní kí o wá sunkún. Fa ìwé yẹn ya. Kọ òmíràn, kí o fi ọwọ́ ara rẹ sí i, pé Sherifa Àdìgún, tí ìwọ náà ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, kò kọ ìpè ẹnikẹ́ni. Òun ni aláìsàn, ilé-iṣẹ́ rẹ ni kò dé. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí o fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Gba nọ́ọ̀sì sí Madina, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ sọ lórí rédíò pé o ò ní. Kí o wá gbé ìwé tuntun yẹn dání, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá, má rán ọlọ́kadà. Jókòó lórí ẹní níwájú Alájà Modúpẹ́, kí o kà á sókè fún un. Èmi tí mo mọ̀wé á jókòó tì í, kí o má baà fo ìlà kankan.