Ọjọ́ Tí Mo Di Atukọ̀ Lójú Ọ̀sà

N kò lè gbàgbé Sátidé tí mo fi irọ́ gbé Ṣadé, àfẹ́sọ́nà mi, wọ ọkọ̀ onígbòkun. Mo ní mo mọ̀ ọ́n tù. Omi gọ́tà Musin nìkan ni mo mọ̀.

“N ò mọ̀wẹ̀ o,” ni Ṣadé wí.

“Ṣebí èmi nìyí!”

Lójú ọ̀sà nítòsí Ìdó, mo dìde láti ṣe fáàrí. Ni ìgbòkun bá yí bírí, ó gbá mi jù sómi.

“Ṣadé, mo kú o!”

Ó bẹ́ tẹ̀lé mi, ó di kọ́là mi mú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá atukọ̀, ẹ dìde dúró. Omi ò kọjá orúnkún.”

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ wa pé èmi ni mo yọ Ṣadé lómi. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè àtisọ òtítọ́ lójú wọn, pé òun ló fà mí dìde.