Obìnrin Orí Àádọ́ta Pẹ́séwà

Òórùn kókó, ògì jéró tí atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ló máa ń jí wa nílé wa ní Nyohini, ní ìlú Tamale. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ìsàlẹ̀ abọ́ tèmi tán ni Hàjíà, ìyá tó bí bàbá mi, fún mi lówó tí n ó fi ra wààkyé, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, nílé ìwé. Owó náà ṣàjèjì sí mi. Ọdún tí wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì, owó ilẹ̀ Gánà, ni. Igba sídì àtijọ́, tó ní owó ẹyọ lẹ́yìn, ti fẹ́ di ohun ìṣeré ọmọdé. Lára owó onírin àádọ́ta pẹ́séwà tuntun yìí, obìnrin ọlọ́jà kan ló wà níbẹ̀.

Mo béèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Hàjíà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi ni. Ọjà ni wọ́n ti wá yà mí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo gbà. Ẹni tó ti ń ta digí àti àgádágodo kí wọ́n tó bí bàbá mi, ta ni wọn ì bá tún yà? Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú lọ́jọ́ náà, torí ta ló ń fi ìyá rẹ̀ ra wààkyé?

Kí aago ìsinmi tó lù, gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Ràhína, ọmọ Dàgọ́ńbà tó ni ìlú, tí a jọ ń jókòó, yẹ owó náà wò. Ó ní, "Ará Nàìjíríà ni yín. Wọn kì í ya àlejò sára owó. Ilà ojú ìyá-àgbà ẹ dà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Tamale ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Lójú mi, bí Hàjíà bá wà lára owó, onílé ni wá. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, àlejò ni wá. Lọ́sàn-án, mo mú ìṣó lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo kọ àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Irin owó yẹn le bí orí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi owó náà han Ràhína, ó gbé e fún tíṣà, tíṣà sì ránṣẹ́ pe Hàjíà. Wọ́n dúró níwájú kíláàsì, mo sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn náà ló máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tiwọn ò lò tó ọjọ́ méjì.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi. Èmi ni mo tan ọmọ jẹ, ẹ má nà án, wallahi." Wọ́n wá kọjú sí mi: "Owó ìlú yìí ti pààrọ̀ ojú níṣojú mi, mi ò lè ka iye ìgbà. Ilà tèmi ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ta ló ní kí o wá ẹ̀rí fún mi?"

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, mo máa ń fi ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún máa ń tì mí. Bí wọ́n bá bi mí ní ọ́fíìsì pé níbo gan-an ni mo ti wá, Kalpohin, àdúgbò tí mò ń gbé báyìí, ni mo máa ń dáhùn, màá sì yára tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun gbóyà kọ ilà ilé wa sára owó ìjọba. Èmi, orúkọ bàbá mi ni mò ń gé kúrú, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè.