Onígi Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ìyá mi, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, wọn ò gé igi tútù rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́, mi ò sọ ọ́.

Igi ìdáná ni wọ́n ń tà. Abúlé wa ò jìnnà sí Lálúpọn, àwọn tó ń yan gàrí níbẹ̀ ló ń ra igi lọ́wọ́ wọn. Bí ìyá mi bá wọ igbó, ẹ̀yìn àdá ni wọ́n fi ń lu ara igi. Bó bá dún kó, ó ti gbẹ nìyẹn, wọ́n á gé e. Bí kò bá dún, wọ́n á ní ó ṣì wà láyé, wọ́n á kọjá. Ẹ̀ka tó ti já sílẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ máa ń kó jù. Ìyá tó bí wọn ló kọ́ wọn pé igi gbígbẹ téèyàn ò bá kó, iná ló máa kó o.

Tíṣà nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n lábúlé wa, báìtìrì mọ́tò ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo wa á kó sí pálọ̀ rẹ̀, a ó máa wo eré. Ta ló fẹ́ràn eré yẹn tó ìyá mi? Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé àpótí wọn dé, wọ́n á máa bá àwọn òṣèré wí bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́.

Lọ́dún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, ìjọba fi ọ̀rọ̀ igi sínú eré náà. Ẹ gbin igi, ẹ má gé igi, aṣálẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dáa, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n eré gbọ́dọ̀ ní ọ̀daràn, ìyá kan tó ń ta igi ìdáná ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n ró o ní ìró tó ti ṣá, wọ́n gbé òṣùká lé e lórí, wọ́n fún un ní àáké. A ò rí lọ́rí gẹdú kan ṣoṣo nínú eré yẹn, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba iwájú abúlé wa kọjá.

Ọjọ́ tí onígi kọ́kọ́ jáde, tó ń jó bó ṣe ń gé igi tútù, gbogbo pálọ̀ ló yíjú sí ìyá mi. Ẹnì kan ní àṣírí wọn tú. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Èmi náà rẹ́rìn-ín, tèmi ló tún ròkè jù, torí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn onígi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìyá mi ò wá wo eré mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń ro àwọn. Kò pẹ́ sí i ni baálẹ̀ pàṣẹ pé kí obìnrin kankan má wọgbó lọ ṣẹ́gi mọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú baálẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ti igi gbígbẹ àti iná. Baálẹ̀ bi wọ́n bóyá àwọn ló máa bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Ìyá mi fi àdá kọ́ ara ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onígàrí bẹ pákí. Gbogbo òjò ọdún yẹn, ẹ̀ka ń já, ewé ń rẹ̀, kò sẹ́ni tó kó o.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eré náà dé ibi tí inú ti bí onígi pé wọ́n lé e kúrò nínú igbó. Ó ṣáná sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án gangan, igbó tiwa gbiná. Ibi tí ìyá mi máa ń kó mọ́ tẹ́lẹ̀, igi gbígbẹ ti ga dé orúnkún níbẹ̀. Iná jẹ igbó tán, ó jẹ oko kòkó mẹ́ta mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Wọn ò kàn kí ìyá mi mọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n bá òun bẹ pákí mọ́. Orúkọ onígi inú eré làwọn ọmọdé fi ń pè wọ́n. Wọ́n ṣáà ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, kí ni wọ́n tún fẹ́ wádìí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń di irun mi kí n tó lọ síléèwé. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ṣé ìwọ náà rò pé èmi ni?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Èmi tí mo mọ bí ẹ̀yìn àdá wọn ṣe ń dún lára igi. Èmi tí mo ti ń tẹ̀lé wọn wọgbó láti kékeré. Wọ́n di irun náà parí, wọn ò fà á, wọ́n fi àdí pa á. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Olódò. Bàbá mi ò dá wọn dúró, wọn ò sì jẹ́ kí n bá wọn lọ.

Mo ti wọ girama kí n tó gbọ́ òtítọ́. Awakọ̀ gẹdú kan ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gáréèjì Lálúpọn, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí iná tí àwọn fi ń se oúnjẹ lẹ́bàá títì ṣe bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, tó ran igbó wa lọ́dún náà. Mi ò lọ sílé. Mo wọkọ̀ Olódò pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn.

Ìdí sítóòfù ni mo bá ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ tó máa tó. Mo ń sunkún, mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọ́n fi ìborùn nu ojú mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n awakọ̀ lo gbà gbọ́."

Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n sì mú ẹran tiwọn kún tèmi.